Ọkọ̀ Onígi àti Ẹ̀rọ: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Tún Ògbólógbòó Ọkọ̀ Ojú Omi Ṣe ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá jókòó sí Ilé-Ifẹ̀ tí ó ní òun fẹ́ kọ̀wé lórí ọkọ̀ ojú omi, kò ní ṣàì rí àwọn tí yóò rẹ́rìn-ín. Ifẹ̀ kò sí létí òkun, kò sì sí létí ọ̀sà. Odò Ọ̀pá tí ó gba inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọjá kì í ṣe odò tí ọkọ̀ ńlá ń ná. Ṣùgbọ́n bí a bá ronú jinlẹ̀, a ó rí i pé omi ni ìtàn Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ìṣẹ̀dá tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kíláàsì sọ pé omi ni ó bo gbogbo ayé kí àwọn òrìṣà tó fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ wá sílẹ̀. Olókun tí ó ni òkun ní ojúbọ ní Ifẹ̀, Igbó Olókun sì ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí àpẹẹrẹ iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn ará Ifẹ̀ ń ṣe láyé àtijọ́. Nítorí náà, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ jẹ́ àjèjì sí wa.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ohun mẹ́ta ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Èkínní ni bí ọkọ̀ onígi ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá àti bí ẹ̀rọ ṣe bá a. Èkejì ni ọ̀nà tí a ń gbà tún ògbólógbòó ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe kí ó lè wúlò ní òde òní. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ìtàn yìí ń bi àwa olùkọ́ èdè Yorùbá àti àwọn olùdánwò léèrè, nítorí pé bí ọkọ̀ ṣe ń jẹrà létí omi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bá a rìn ń jẹrà lẹ́nu àwọn ọmọ wa.

Ọkọ̀ nínú Èdè Wa

Kò sí olùkọ́ tí kò tíì kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sára pátákó láti fi ohùn kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ọmọ ya àwòrán ọkọ̀, mọ́tò ni yóò yà. Ìtàn ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Mọ́tò kò tíì sí ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ òfurufú kò sì sí níbì kankan lágbàáyé. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn baba wa mọ̀ ni èyí tí ń lọ lójú omi. Nígbà tí àwọn nǹkan tuntun wọ̀nyí dé, wọn kò wá orúkọ kiri. Wọ́n mú orúkọ èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi ibi tí ó ń gbà kún un: ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ òfurufú. Ọkọ̀ omi ni baba gbogbo wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò. Ẹni tí ó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lójú omi ni awakọ̀ kí orúkọ náà tó di ti ẹni tí ó jókòó sídìí sítíárìn. Ẹni tí ó ń tu ọkọ̀ ni atukọ̀. Lónìí, a ń pe olórí ìlú tàbí alága ẹgbẹ́ ní atukọ̀ láìrántí omi rárá. A ní kí Ọlọ́run mú wa dé èbúté ayọ̀. A ní ọ̀rọ̀ ìdákọ̀ró, tí a ṣẹ̀dá láti ara dá, ọkọ̀ àti ró. Èyí tí ó tilẹ̀ yẹ kí ó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ìgúnlẹ̀. Ọkọ̀ ni ó ń gúnlẹ̀, ìyẹn ni pé ó gún ilẹ̀ létí omi lẹ́yìn ìrìn àjò. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi parí àròkọ wọn tí àwa olùdánwò sì ń fún ní máàkì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ti gúnlẹ̀ láìwọ ọkọ̀ rí!

Ọkọ̀ Àgbẹ́ àti Ọkọ̀ Àkàn

Oríṣi ọkọ̀ onígi méjì ni a lè tọ́ka sí. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a gbẹ́ láti ara odindi igi kan. Wọn a lọ sínú igbó, wọn a yan igi tí ó tọ́ tí kò sì ní ihò, wọn a gé e lulẹ̀, wọn a fi àáké gbẹ́ inú rẹ̀ títí yóò fi dà bí ọpọ́n gígùn. Lẹ́yìn èyí, wọn a fi iná àti omi mú igi náà rọ̀, wọn a sì ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ ní ìbú kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ṣí síta. Iṣẹ́ ìmọ̀ ni èyí: bí iná bá pọ̀ jù, igi yóò sán, bí ó bá kéré jù, ọkọ̀ kò ní fẹ̀, yóò sì máa yí lójú omi. Àràbà wà lára igi tí a ń lò nítorí pé ó tóbi, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ kí ó tó jẹrà. Ọ̀gánwó le jù ú lọ, ó sì pẹ́ jù ú lọ. Ní Gáná, arère ni àwọn apẹja ń lò jù fún ọkọ̀ òkun, wawa sì ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ àìlajú ni èyí. Ní ọdún 1987, nígbà tí ẹnì kan ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ibi tí a mọ̀ sí Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, ó kan igi kan nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn láti Yunifásítì Maiduguri àti Frankfurt hú u jáde ní 1994, ọkọ̀ àgbẹ́ ni. Ó gùn tó mítà 8.4, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tí a tíì rí ní Áfíríkà tí ó dàgbà tó o. Orí àti ìdí ọkọ̀ náà ni a gbẹ́ dáadáa tí ó fi hàn pé àwọn tí ó gbẹ́ ẹ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọkọ̀ àgbẹ́ ni ó gbé ọjà àti ogun. Robert Smith, onímọ̀ ìtàn tí ó kọ̀wé lórí àwọn ìjọba Yorùbá, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1970 lórí ipò tí irú ọkọ̀ yìí kó nínú ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ wa jù ni ti Kòsọ́kọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó sá lọ. Nítorí pé ó ní àwọn ọkọ̀ àti àwọn jagunjagun tí ó mọ ojú ọ̀sà, apá kò ká a, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì bá a ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ ní 1854. Ọba tí kò ní ìlú ńlá mọ́ ṣì ní agbára nítorí pé ó ní ọkọ̀.

Oríṣi kejì ni èyí tí a fi pákó kàn. Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún un ni kan: a ń kan ọkọ̀ bí a ti ń kan ilẹ̀kùn. Nínú irú èyí, igi ńlá kan ni ó máa ń wà nísàlẹ̀ láti orí dé ìdí, bí ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn. Àwọn igi títẹ̀ a jáde lára rẹ̀ bí egungun ìhà. A ó wá kan pákó mọ́ wọn. Láàrin àwọn méjèèjì ni èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lójú ọ̀sà wà: ọkọ̀ àgbẹ́ tí a fi pákó gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga kí ó lè gba ẹrù sí i.

Bí Ẹ̀rọ Ṣe Bá Ọkọ̀ Pàdé

Ẹ̀rọ kò ṣàdéédé dé sórí omi wa. Ní 1832, Macgregor Laird kó ọkọ̀ eléèéfín méjì wọ Odò Ọya. Quorra ni èkínní, igi ni wọ́n fi kàn án. Alburkah ni èkejì, irin ni wọ́n fi ṣe é. Nínú òyìnbó 48 tí ó bá ìrìn àjò náà lọ, 9 péré ni ó padà; ibà ni ó pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad gba ọ̀nà kan náà lọ lábẹ́ Dókítà Baikie, Samuel Àjàyí Crowther sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n lo kuníìnì, kò sì sí òyìnbó kankan tí ibà pa. Ní 1857, ọkọ̀ Dayspring forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì rì. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó yọ ni John Glover, tí ó padà di alákòóso Èkó tí àwọn ará Èkó sì ń pè ní Ọba Gòlóbà.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ eléèéfín kì í ṣe ohun tí apẹja tàbí alájàpá lè rà. Ẹ̀rọ rẹ̀ wúwo, ó ń jẹ igi ìdáná tàbí èédú púpọ̀, ó sì ń fẹ́ ẹni tí yóò máa koná sí i. Ohun tí ó yí ayé ọkọ̀ kékeré padà ni ẹ́ńjìnnì tí ń mu epo bẹntiróòlù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1886 ni Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach gbé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ onígi kan lórí odò Neckar ní Jámánì. Ẹ̀rù epo ń ba àwọn ènìyàn ìgbà náà, Daimler sì ta wáyà yí ọkọ̀ náà ká kí wọ́n lè rò pé iná mànàmáná ni ó ń wà á. Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún yìí wé tiwa. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 kan náà ni àwọn ọmọ Yorùbá fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà lórí ogun Kírìjì. Bí àwọn kan ti ń dán ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wò ní Jámánì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ń ronú bí wọn yóò ṣe tú bùdó ogun ká.

Ní 1909 ni Ole Evinrude, ọmọ Norway tí ó ń gbé Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹ́ńjìnnì kékeré tí a lè gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ kí a sì tún gbé e kúrò. Ní 1960, ilé iṣẹ́ Yamaha ní Japan gbé tirẹ̀ jáde. Láàrin 1950 sí 1970 ni irú ẹ́ńjìnnì yìí tàn láàrin àwọn apẹja Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Senegal dé Gáná, Bìnì olómìnira àti Nàìjíríà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Ọkọ̀ àgbẹ́ tí baba gbẹ́ fún àjẹ̀ ni ọmọ fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì kọ́. Ìdí ọkọ̀ náà sì mú ṣóńṣó bí orí rẹ̀. Kò sí ibi tí ẹ́ńjìnnì yóò jókòó sí. Ní Senegal, inú ihò kan tí a ṣe sí ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ń ki ẹ́ńjìnnì bọ̀; ní Gáná, ẹ̀gbẹ́ ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé e kọ́; àwọn mìíràn a gé ìdí ọkọ̀ kúrò, wọn a sì kan pákó lílé dípò rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ àtúnṣe tí àwọn akankọ̀ ilẹ̀ wa fi orí ara wọn rò, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní ilé-ìwé.

Ayétòrò: Ìlú tí ó ń Kan Ọkọ̀

A kò lè sọ ìtàn yìí kí a má dé Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Òndó. Ní 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó sórí ẹrẹ̀ létí òkun. Orí òpó igi ni wọ́n kọ́ ilé wọn lé, pákó sì ni wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, àpò kan ni owó gbogbo wọn ń wọ̀. Ní 1953, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní òkè kò tíì ní in.

Nínú ìlú tí omi yí ká báyìí, ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ ènìyàn. Àwọn ará Ayétòrò dá ibi ìkànkọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń fi igi inú igbó kan ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń wà, wọ́n sì ń fi í pẹja, wọ́n ń fi í kó èrò àti ẹrù. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà àti ti ẹ̀rọ pa pọ̀. Èyí ni a fẹ́ kí olùkọ́ ṣàkíyèsí: ẹni tí ó kan ọkọ̀ àti ẹni tí ó mọ ẹ́ńjìnnì jọ wà lójú kan náà. Kò sí pé ẹnì kan gbẹ́ ọkọ̀ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí ẹlòmíràn tí kò mọ̀ nípa igi sì wá gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ọ. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 síwájú ni ètò ohun-ìní àpapọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí tú, tí olúkúlùkù ń dá ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òkun fúnra rẹ̀ wá kọjú sí ìlú náà. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti ibi iṣẹ́ lọ, kò sì tíì dẹ́kun. Ibi tí a ti lè kọ́ bí a ṣe ń kan ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní èdè Yorùbá ni omi ń gbé lọ díẹ̀díẹ̀ yìí.

Bí A Ṣe Ń Tún Ògbólógbòó Ọkọ̀ Ṣe

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ṣùgbọ́n ẹwà kì í dédé bù sí ohun tí ó bàjẹ́. Ó ní ìlànà. Bí ọkọ̀ onígi bá ti dàgbà, ọ̀tá mẹ́ta ni ó ń bá a jà: ìjẹrà, kòkòrò inú omi iyọ̀ tí ń lu igi níhò, àti ìpẹtà ìṣó.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a fa ọkọ̀ náà gòkè, kí a gbé e sábẹ́ ibòji. A kò gbọdọ̀ fi í sínú oòrùn gbígbóná, nítorí pé igi tí ó ti mu omi fún ọdún púpọ̀ yóò sán bí ó bá gbẹ lójijì. Lẹ́yìn èyí ni a ó mú ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, a ó máa fi gún ara pákó ní ibi gbogbo. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti wọlé wẹ́rẹ́, igi ti jẹrà níbẹ̀, àní bí ọ̀dà òkè rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Ibi tí omi òjò máa ń dúró sí nínú ọkọ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jẹrà, nítorí pé omi òjò ń ba igi jẹ́ kíákíá ju omi iyọ̀ lọ.

Èkejì ni kí a gé ibi tí ó bàjẹ́ kúrò títí a ó fi kan igi tí ó le. A kì í kan pákó tuntun mọ́ etí èyí tí ó ti wà ní gbọọrọ. A ń gé etí àwọn méjèèjì ní ìdagẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè gun ara wọn, kí agbára má bàa já níbẹ̀. Ó dára kí igi tuntun jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́, tàbí kí ó jọ ọ́ ní líle, nítorí pé igi líle àti igi rírọ̀ kì í wú bákan náà nínú omi. Bí egungun ìhà ọkọ̀ bá ti ṣẹ́, a kò gbọdọ̀ yọ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń pààrọ̀ wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ yóò gbàgbé bí ara rẹ̀ ti rí.

Ẹ̀kẹta ni ìṣó. Ìṣó irin lásán a máa dípẹtà, ìpẹtà náà a sì máa jẹ igi tí ó yí i ká. Ìṣó bàbà tàbí irin tí a fi síńkì bò ni ó yẹ. Lẹ́yìn náà ni a ó di ojú àlàfo àárín pákó: a ó fi òwú tàbí okùn tí a tú sí fọ́nrán ki í, a ó sì fi ọ̀dà dúdú dí i. Bí a bá sọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sómi ní ọjọ́ kìn-ín-ní, omi yóò wọ̀ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fòyà. Bí pákó bá wú, ojú àlàfo yóò pa dé. Láyé àtijọ́, igbá ni a fi ń gbọ́n omi náà dànù. Lónìí, ẹ̀rọ kékeré tí ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ lè ṣe é.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Pákó ìdí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì yóò rọ̀ mọ́ gbọdọ̀ nípọn, a sì gbọdọ̀ fi igi títẹ̀ so ó mọ́ òpó ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń tì í lè tàn dé gbogbo ara. Gíga ìdí ọkọ̀ gbọdọ̀ bá ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì mu. Ẹsẹ̀ kúkúrú jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 15, gígùn sì jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 20. Bí ìdí ọkọ̀ bá ga jù, àjẹ̀ onírin ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ dípò omi. Ó sì yẹ kí a rántí pé ọkọ̀ tí a ṣe fún àjẹ̀ kò mọ eré sísá. Bí a bá gbé ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù kọ́ ọ, orí rẹ̀ yóò gbé sókè, ìdí rẹ̀ yóò rì, pákó tí kò ti gbọ̀n rí yóò sì máa gbọ̀n.

Ní òde òní, àwọn ohun mìíràn ti dé. Àtè oníkẹ́míkà tí ń jẹ́ epoxy lè so igi pọ̀ débi pé igi ni yóò ya kí ojú rẹ̀ tó já. Àwọn kan sì ń fi fáíbà bo gbogbo ara ọkọ̀ onígi. Èyí dára bí igi náà bá gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, ńṣe ni a ti ilẹ̀kùn mọ́ olè sínú ilé: ìjẹrà yóò máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ fáíbà tí ń dán, ojú kò sì ní rí i títí ọkọ̀ yóò fi là.

Ṣé Ọkọ̀ Kan Náà Ni?

Àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú Gíríìsì ayé àtijọ́ ní ìbéèrè kan. Wọ́n ní àwọn ará Athens tọ́jú ọkọ̀ akọni wọn Theseus. Bí pákó kan bá ti jẹrà, wọn a fi tuntun dípò rẹ̀, títí tí kò fi sí pákó àtijọ́ kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ṣé ọkọ̀ kan náà ni? Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní rárá.

Ọ̀nà méjì ni ayé ń gbà dáhùn lónìí. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọkọ̀ ogun Vasa rì ní Sweden ní 1628 ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ jáde. Wọ́n fà á sókè ní 1961, wọ́n sì fi ọdún 17 wọ́n oògùn sí i lára kí igi rẹ̀ má bàa wó. Igi àtijọ́ ni ó pọ̀ jù lọ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún ní lọ sójú omi mọ́ láé. Ọ̀nà kejì ni ti akankọ̀ létí ọ̀sà. Ọkọ̀ rẹ̀ lè ní pákó mẹ́wàá ti ọdún yìí àti mẹ́ta ti ìgbà baba rẹ̀, síbẹ̀ ó ń jáde láràárọ̀, ó sì ń bọ́ ilé. Lójú tiwa, àwọn méjèèjì ni a nílò. Ọkọ̀ Dufuna kò gbọdọ̀ jáde mọ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọkọ̀ bá di ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ta ni yóò mọ bí a ṣe ń kàn án?

Àwa olùkọ́ Yorùbá kò ṣàìmọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Àkọtọ́ èdè wa ti gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí a yàn ní 1966 jábọ̀ ní 1969, ìjọba sì tẹ́wọ́ gba àkọtọ́ tuntun ní 1974. Aiye di ayé, enia di ènìyàn. Àwọn àgbà kan bínú nígbà náà pé wọ́n ti ba èdè jẹ́. Pákó ni a pààrọ̀. Ọkọ̀ náà ṣì ń gbé èrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ yọ ohùn kúrò nínú àkọtọ́ nítorí ìrọ̀rùn, egungun ìhà ni ó ń yọ yẹn.

Ẹ̀mí Ènìyàn àti Ọkọ̀ Onígi

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn tí ó fẹ́ràn nǹkan àtijọ́ nìkan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ onígi kan tí ó ń kó àwọn èrò ìgbéyàwó bọ̀ lálẹ́ dànù lórí Odò Ọya ní agbègbè Pàtígì, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn tí ó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn irú ìjàm̀bá báwọ̀nyí, ohùn tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aláṣẹ ni pé kí a kó ọkọ̀ onígi kúrò lójú omi, kí a sì fi ti fáíbà rọ́pò rẹ̀. Àjọ tí ń rí sí ọ̀nà omi inú ilẹ̀ Nàìjíríà ti wà láti 1997, ti Ìpínlẹ̀ Èkó sì wà láti 2008. Iṣẹ́ wọn ni láti dáàbò bo èrò.

A kò lè sọ pé àwọn aláṣẹ kò rí òótọ́. Ẹ̀mí ènìyàn ju igi lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, àpọ̀jù èrò, ìrìn òru, àìwọ ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó, kùkùté abẹ́ omi àti ògbólógbòó ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò ni ó ń pa ènìyàn. Ọkọ̀ fáíbà tí ó gba èrò 20 tí a kó 60 sí yóò rì bákan náà. Apẹja Ìlàjẹ tàbí Ẹ̀gùn tí kò lè ra ọkọ̀ fáíbà kò ní ṣíwọ́ lílọ sójú omi; ọkọ̀ onígi rẹ̀ ni yóò máa fi pamọ́ fún aláyẹ̀wò. Lójú tiwa, ohun tí ó dára jù ni kí a yẹ ọkọ̀ onígi wò lọ́dọọdún, kí a kọ iye èrò tí ó lè gbà sára rẹ̀, kí a sì kọ́ àwọn akankọ̀ ní ọ̀nà tí ó tọ́ láti fi ẹ́ńjìnnì sí i. Èyí kò lè ṣeé ṣe bí kò bá sí ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ́ wọn.

Ohun tí ó Kan Olùkọ́ àti Olùdánwò

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Àwọn tí ó ṣe ìwé èdè-ìperí Yorùbá ṣe iṣẹ́ takuntakun lórí gírámà, lítíréṣọ̀ àti ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìkọ́ni. A kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Orúkọ igi ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ti egungun ìhà rẹ̀, ti pákó ìdí rẹ̀, ti oríṣi àjẹ̀ àti ọ̀pá tí a fi ń ti ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà ní Ìlàjẹ, Ìjẹ̀bú etí-omi, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Ẹ̀ka-èdè ni púpọ̀ nínú wọn. A dábàá ohun mẹ́ta.

Èkínní, kí àwọn olùkọ́ tí ó wà ní etí omi fi iṣẹ́ ìsinmi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn gba àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé àti àwòrán tí ó fi ibi tí a ń sọ hàn. Èkejì, kí a yéé fi ìlù, aṣọ àti oúnjẹ nìkan ṣe àpẹẹrẹ iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá nínú ìbéèrè ìdánwò. Akankọ̀ náà jẹ́ oníṣẹ́ ọnà. Ẹ̀kẹta, bí ọmọ Ìlàjẹ bá lo ọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀ nínú àròkọ lórí ọkọ̀, tí kò sì sí èyí tí a lè fi dípò rẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, kí olùdánwò má ṣe fi pẹ́ńsù pupa fa igi lé e lórí. Ọ̀rọ̀ tí èdè àjùmọ̀lò kò ní, tí ẹ̀ka-èdè sì ní, ọrẹ ni fún gbogbo wa. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìgúnlẹ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti tọpa ọkọ̀ onígi láti Dufuna dé Ẹ̀pẹ́ Kòsọ́kọ́, a ti rí bí ẹ̀rọ ṣe bá a ní Neckar àti bí ó ṣe dé Ayétòrò. A ti rí i pé títún ògbólógbòó ọkọ̀ ṣe kì í ṣe kíkun ọ̀dà sí i lára, bẹ́ẹ̀ ni sísọ ọ́ di ti òde òní kì í ṣe gbígbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ọ nìkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é gbọdọ̀ mọ pákó tí ó yẹ kí ó yọ, kí ó sì mọ èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Odò kì í ṣàn kí ó gbàgbé ìsun. Àwọn àgbà tí ó mọ orúkọ pákó wọ̀nyí kò ní wà títí ayé, òkun kò sì dúró de ẹnikẹ́ni ní Ayétòrò. Kí olùkọ́ tí ó wà nítòsí omi mú ìwé àti pẹ́ńsù, kí ó sì tọ̀ wọ́n lọ.